Wákàtí méje péré ní Salvador, Bahia: kí la máa wò, kí la máa fi sílẹ̀?

ÌyáÌbejì_Kubwa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣòwò ní São Paulo máa pé ọmọ àádọ́ta ọdún lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní òun ò ṣe pátì, ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ lòun máa kó gbogbo wa wọ̀. Santos la ó ti gbéra. Nígbà tó bá yá, a ó dé Salvador ní Bahia ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lọkọ̀ máa ṣí, àmọ́ wọ́n ti kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá tíì wọlé ní aago mẹ́rin kó máa bá ẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, wákàtí méje ni.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé Màmá wa ń bá mi lọ. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, orúnkún ọ̀tún ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì ti sọ fún mi láti Iléṣà pé àwọn ò wá wo ilé gogoro o. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi dín àkàrà. Ẹnì kan wá lọ sọ fún wọn pé àwọn ará Bahia ń jẹ àkàrà, láti ọjọ́ náà ni etí mi ò ti sinmi. Níbo ni kí n kó wọn lọ tí ẹsẹ̀ ò fi ní máa dùn wọ́n, tí ọkọ̀ ò sì ní fi wá sílẹ̀?

Baba_Gwarinpa

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Mo ti dé Salvador lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ẹ fọkàn balẹ̀, ìlú náà rọrùn fún ẹni tó bá gba ojú omi wọ̀ ọ́.

Ìlú méjì ló wà nínú ìlú yẹn. Ọ̀kan wà lẹ́bàá òkun nísàlẹ̀, ọ̀kan wà lórí òkè bíi ká sọ pé ó ń yọjú wo èkejì. Èbúté tí ẹ máa gúnlẹ̀ sí wà nísàlẹ̀. Ẹ bá rọra rìn, tó bá pẹ́ tán ìṣẹ́jú 15, ẹ ó dé ọjà kan tí wọ́n ń pè ní Mercado Modelo. Iwájú ọjà náà gan-an ni ilé tẹ́ẹ́rẹ́ gíga kan wà tó fara ti òkè. Lífítì ni, Elevador Lacerda lorúkọ ẹ̀. Ọdún 1873 ni wọ́n ṣí i, mítà 72 ló ga, ó sì máa gbé yín dókè kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ ń bá Màmá sọ. Owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Orúnkún ti bọ́ nìyẹn.

Tí ẹ bá ti jáde lókè, ẹ yà sí ọwọ́ òsì, ẹ máa lọ títí ẹ ó fi dé ojúde ńlá kan tó ń jẹ́ Terreiro de Jesus. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Ẹ jókòó, ẹ mu omi àgbọn. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí Pelourinho, níbi tí àwọn ilé aláwọ̀ oríṣiríṣi tí ẹ ń rí nínú fọ́tò wà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣọ́ra, torí òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ẹ̀. Òjò bá kán sí i báyìí, ó ń yọ̀ bí ilá.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ akérò tó ń mú àlejò kiri, tí wọ́n máa tà fún yín nínú ọkọ̀ ojú omi yẹn. Tí físà náà, ẹ má jẹ́ kó di ìkánjú. Ọ́fíìsì aṣojú Brazil wà ní Àbújá níbí. Kí ẹ sì mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání.

Jẹ́jẹ́_Wuse

Bàbá ò tiẹ̀ dárúkọ Michael Jackson! Pelourinho yẹn ló wá ní 1996, òun àtàwọn onílù Olodum, tí wọ́n ya fídíò. Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya fọ́tò níbi tó dúró sí 😂

Baba_Gwarinpa

Jẹ́jẹ́, o ò tíì bèèrè ohun tí Pelourinho túmọ̀ sí. Òpó tí wọ́n ń de ẹrú mọ́ láti nà án ní gbangba ni. Òpó náà ò sí níbẹ̀ mọ́, orúkọ ló kù. Ya fọ́tò ẹ, ṣùgbọ́n mọ ibi tí o dúró sí.

Aláàkàrà_Nyanya

Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ń dín àkàrà lábẹ́ afárá níbí, kosai làwọn oníbàárà mi ń pè é torí Hausa ló pọ̀ jù nínú wọn, kunu ni wọ́n fi ń mu ún. Ìbéèrè tèmi ni pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń pè é ní àkàrà lọ́hùn-ún? Ṣé ẹ̀wà náà ni?

Baba_Gwarinpa

Ìyàwó wa, lóòótọ́ ni. Acarajé ni wọ́n ń kọ ọ́. Wọ́n ní igbe àwọn tó ń kiri ọjà láyé àtijọ́ ló di orúkọ: àkàrà, jẹ. Ẹ̀wà bíbó, lílọ̀, pípò, bí tiyín. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, dendê ni wọ́n ń pè é, ẹ kò ní rí òróró níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń tà á máa ń wọ aṣọ funfun balẹ̀ gẹ̀rẹ̀jẹ̀, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Ní 2005 ìjọba wọn kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún ìlú. Ẹ wo ìyàtọ̀: níbí, àwọn agbófinró ìgboro ló ń lé yín kúrò lábẹ́ afárá.

Aláàkàrà_Nyanya

Bàbá, ẹ má dá mi lẹ́kún 😭 Ẹ bá mi kí wọn.

ỌmọÌlọrin_Kàdúná

Assalaamu alaikum. Ẹ ti sọ ti àkàrà, ẹ ti sọ ti Michael Jackson, kò sí ẹnì kan nínú yín tó rántí àwọn Ìmàle.

Malê ni wọ́n ń pè wọ́n ní Bahia. Ìmàle tiwa yẹn náà ni. Òru ọjọ́ 24 mọ́ ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, ààwẹ̀ Ramadan ti ń parí lọ, àwọn ẹrú àtàwọn tó ti ra ara wọn padà gbé ogun dìde ní Salvador. Àwọn òpìtàn ní wọ́n tó bí 600 tó jáde. Ìdájí ni wọ́n dá ogun náà sí, kó tó di pé àwọn ẹrú jáde lọ pọn omi. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti tú àṣírí lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọlọ́pàá kan ilẹ̀kùn ilé kan ní Ladeira da Praça, àwọn tó wà nínú ilé tú jáde pẹ̀lú idà, bí ogun ṣe bẹ̀rẹ̀ ṣáájú àkókò nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, ibi tí mo ń bá bọ̀ rèé. Nínú àwọn aṣáájú wọn, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Pacífico Licutan, Bilal lorúkọ mùsùlùmí ẹ̀. Nagô ni, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn. Àtìmọ́lé ló wà lálẹ́ ọjọ́ náà, kì í sì í ṣe pé ó ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá rẹ̀ ló jẹ gbèsè, wọ́n wá gbẹ́sẹ̀ lé òun Licutan bí wọ́n ṣe ń gbẹ́sẹ̀ lé àga àti tábìlì, wọ́n fẹ́ tà á ní gbàǹjo. Ibi àtìmọ́lé náà làwọn èèyàn rẹ̀ kọ́kọ́ sáré lọ láti tú u sílẹ̀. Wọn ò rí i tú. Abẹ́ ilé ìgbìmọ̀ ìlú ni àtìmọ́lé yẹn wà, ilé náà sì wà ní ojúde tí lífítì Baba Gwarinpa máa já yín sí. Ẹ ò ní rìn jìnnà.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pe ara yín ní ará Àríwá, ẹ tún gbọ́: kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ṣe é. Elesbão do Carmo tí wọ́n ń pè ní Dandará, aáfà tó ń kọ́ èèyàn ní kéwú nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Hausa ni. Luís Sanim, Tápà ni, ìyẹn Nupe. Ogun Dan Fodio tó bẹ̀rẹ̀ ní 1804, wàhálà Afọ̀njá ní Ìlọrin, Ọ̀yọ́ Ilé tó ń tú, ìdílé àwọn tí ogun wọ̀nyí tú ká ni wọ́n ń tà lọ sí etí òkun. Bidà, Kano, Ìlọrin, Ọ̀yọ́, gbogbo wọn wá pàdé nínú yàrá kan ní Bahia, wọ́n jọ ń kọ wàláà.

Àwọn tó kú nínú wọn lé ní 70. Wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin ní oṣù karùn-ún ọdún náà, wọ́n na àwọn kan lẹ́gba títí ọjọ́ ń gorí ọjọ́, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ padà sí Áfíríkà. Ẹ bá mi dúró ní Ladeira da Praça fún ìṣẹ́jú kan péré. Mi ò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Jẹ́jẹ́_Wuse

Alhaji, mo ti parọ́rọ́. Mo tún kà á pé abẹ́ ọjà Mercado Modelo yẹn ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú sí tí wọ́n bá ti sọ̀ wọ́n kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Baba_Gwarinpa

Gbogbo àwọn tó ń mú àlejò kiri ló ń sọ ọ́, omi òkun sì máa ń wọ abẹ́ ilé náà, ó ń bani lẹ́rù lóòótọ́. Àmọ́ wo ọdún. Ilé aṣọ́bodè ni ilé yẹn tẹ́lẹ̀, 1861 ni wọ́n kọ́ ọ. Brazil ti fi òfin de kíkó ẹrú wọ̀lú láti òkè òkun ní 1850. Ta ni wọ́n wá fẹ́ kó sí abẹ́ ẹ̀? Ìyà tí wọ́n jẹ ní ìlú yẹn kò nílò àfikún irọ́. Ọdún 1888 ni wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú pátápátá níbẹ̀, tiwọn ló pẹ́ jù ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Arábìnrin_Lugbe

Ìyá Ìbejì, mo rọ̀ yín lórúkọ Olúwa, ẹ má gbé Màmá lọ síbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà o. Mo gbọ́ pé òrìṣà ni wọ́n ń bọ kiri gbogbo ìlú náà.

Olórìṣà_Karu

Arábìnrin, ẹ rọra. Ilé òrìṣà kì í ṣe ọjà tí àlejò wákàtí méje máa kàn wọ̀. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn, Casa Branca, tí orúkọ ẹ̀ gan-an ń jẹ́ Ilê Axé Iyá Nassô Oká (ẹ pe gbogbo ẹ̀ sókè kí ẹ gbọ́ Yorùbá tó wà níbẹ̀), ìjọba ti fi sábẹ́ ààbò láti àwọn ọdún 1980. Ètò wà, àkókò wà. Ẹni tí wọn ò pè kì í wọlé.

Ẹjọ́ tèmi pẹ̀lú wọn yàtọ̀. Wọ́n sọ Yemọja di alágbára òkun! Ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dọọdún, wọ́n á kó òdòdó àti lọ́fínńdà sínú ọkọ̀ ojú omi ní Rio Vermelho, wọ́n á gbé e fún un lójú òkun. Odò Ògùn ni Yemọja tiwa wà o, Olókun ló ni òkun. Àmọ́ mo bi ara mi pé, ẹni tí wọ́n fi ọkọ̀ kó kọjá òkun tí kò rí odò Ògùn mọ́, níbo ni kó ti bọ ọ́? Mo dákẹ́.

Ẹ sì wò ó, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, funfun ni èèyàn ń wọ̀ ní Salvador nítorí Ọbàtálá. Àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà pàápàá ń wọ̀ ọ́.

Jẹ́jẹ́_Wuse

Wuse náà lọ́jọ́ Ẹtì, káfútàánì funfun ni látòkè délẹ̀. Ìdí ẹ̀ ló yàtọ̀.

Àgbà_Lọ́kọ́ja

Ẹ̀yin ará Àbújá, mò ń kà yín látàárọ̀. Ẹ fẹ́ ná dọ́là lọ wo ìlú èbúté tó ní ìtàn. Lọ́kọ́ja tí ẹ̀ ń gbà kọjá lọ sílé lọ́dún ńkọ́? Ẹ kì í sọ̀kalẹ̀ àfi tí ẹ bá fẹ́ ra ẹja. Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1900 ni Lugard ta àsíá níbí, níbi tí odò Ọya àti Benue ti pàdé, a sì ti di olú ìlú Àríwá kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Àbújá yín.

Mi ò kúrò lórí ọ̀rọ̀ o. Samuel Ajayi Crowther, ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1822 wọ́n tà á sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ní Èkó. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló dá wọn lọ́nà, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ká ní wọn ò dá ọkọ̀ náà lọ́nà, ọ̀nà Brazil ló kọjú sí. Ó lè jẹ́ pé inú ọdún 1835 tí Alhaji ń sọ yẹn gan-an la ò bá ti gbọ́ orúkọ ẹ̀, tàbí ká má gbọ́ ọ rárá. Ṣùgbọ́n odò wa yìí ló bá wọ̀lú ní 1857, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864.

Wọ́n ní òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ ni Pelourinho. Àwa náà ní òpó irin níbí, nínú ọgbà ilé ìwé Holy Trinity. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ẹrú sílẹ̀. Ẹ máa lọ, ẹ máa bọ̀. Tí ẹ bá dé, ẹ dúró lọ́dọ̀ wa náà.

ÌyáÌbejì_Kubwa

Àgbà Lọ́kọ́ja, ẹ má bínú, mo jẹ̀bi. Ẹja ni mo máa ń rà lóòótọ́ 🙈 Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Físà ti jáde. Ó dìgbà tí a bá dé.

ÌyáÌbejì_Kubwa (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún)

A ti dé o! Ẹ má bínú pé ó pẹ́, ibà ni mo fi kí Àbújá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Baba Gwarinpa, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ akérò yẹn. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni orúnkún Màmá wú, ẹ̀rù bà mí, mo sì san owó èèyàn márùn-ún. Wọ́n kọ́kọ́ gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim lórí òkè kan, ìyẹn dára. Gbogbo irin tó yí ṣọ́ọ̀ṣì náà ká ni wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́, pupa, àwọ̀ ewé, funfun, kò sí àlàfo, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, ó ń dún ṣẹ̀ẹ̀rẹ̀ṣẹ̀. Màmá wò ó títí, wọ́n ní: "Bí wọ́n ṣe ń so aṣọ mọ́ ìrókò nìyí." Ìyàwó àbúrò mi, ọmọ Brazil ni, ṣàlàyé pé sẹ̀ǹtímítà 47 ni rìbọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan gùn, ó bá gígùn apá ère Jésù tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà mu. Kókó mẹ́ta ni wọ́n ń ta sí i tí wọ́n bá ń so ó, ohun mẹ́ta lèèyàn sì ń bèèrè. Wọ́n so funfun kan mọ́ Màmá lọ́rùn ọwọ́. Wọn ò sọ ohun tí wọ́n bèèrè fún wa, àmọ́ mo gbọ́ "orúnkún" kedere.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ ya bàrá, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù òkúta iyebíye. Ẹ̀yin ará, àádọ́ta ìṣẹ́jú! Wọ́n fún wa ní kọfí, wọ́n ń ki òrùka bọ̀ wá lọ́wọ́. Mo wo aago, 11:40, a ò tíì fojú kan Pelourinho. Ìyàwó àbúrò mi ló dìde, ó sọ èdè Potogí kan tí àbúrò mi kọ̀ láti túmọ̀ fún wa, a jáde, a wọ takisí. Owó tí mo san ti wọgbó. Bàbá, ẹ fi mí ṣe ẹlẹ́yà bí ẹ bá fẹ́.

Takisí já wa sí Terreiro de Jesus. Kí a tó wá ibi tí a máa jókòó, imú Màmá ti mú wọn lọ. Epo pupa tó ń gbóná, kì í fara sin. Obìnrin kan jókòó sẹ́yìn àpótí onígíláàsì, aṣọ funfun, gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ pupa lọ́rùn, ara ẹ̀ dúdú bí tiwa, ó jọ àbúrò bàbá mi kan ní Ẹsà-Òkè débi pé mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Màmá ní, "Ẹ kú ọjà o." Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, kò gbọ́. Màmá nawọ́ sí inú agbada, wọ́n ní, "Àkàrà." Obìnrin náà gbójú sókè. Ó ní, "Acará." Màmá tún un sọ fún un bó ṣe yẹ kó jẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ìwé. Obìnrin náà sì tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ó wá bi wọ́n ní nǹkan. Àbúrò mi túmọ̀ pé ó ní ṣé wọ́n fẹ́ ẹ gbígbóná. Màmá ní ta ni máa ń jẹ àkàrà tútù? Gbígbóná ni kó fún àwọn! Ìyàwó àbúrò mi pariwo "Não, não!", ó ti bọ́. Àṣé "gbígbóná" lọ́dọ̀ wọn, ata ni. Obìnrin náà ti da ata kún un. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ dúró láti wo ohun tó máa ṣe ìyá arúgbó yìí. Màmá gé e jẹ, wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́nu, wọ́n gbé e mì. Wọ́n ní: "Ata náà dà?" Àbúrò mi túmọ̀ ẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n rín níbẹ̀, ẹ ẹ́ gbọ́ ọ ní Nyanya.

Ìdájọ́ tí Màmá dá nìyí, mo kọ ọ́ sílẹ̀ torí mo mọ ẹni tó máa béèrè. Ẹ̀wà náà kúnná, wọ́n pò ó dáadáa, igi ọmọrogùn ló fi ń lù ú nínú ìkòkò kó lè fúyẹ́. Ó tóbi bí ìkúùkù ọkùnrin. Iyọ̀ ló dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó la àkàrà sí méjì bíi búrẹ́dì, tó wá kó edé àti ọbẹ̀ ilá sínú ẹ̀, ìyẹn làwọn ò lè dárí jì í. Wọ́n jẹ ẹ́ tán o. Wọ́n tún jẹ abará, mọ́ínmọ́ín eléwé tí wọ́n fi epo pò. Ìyẹn, wọ́n ní kò sí ẹ̀sùn.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Màmá fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ pupa náà, obìnrin náà ní, "Iansã." Àbúrò mi ní Ọya ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Arábìnrin Lugbe, ẹ má bínú, Màmá kò sá. Wọ́n ní, "Ọya. Mo mọ̀ ọ́n." Obìnrin náà gbé ọwọ́ sáyà, ó ní, "Axé." Màmá ní, "Àṣẹ." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ni wọ́n jọ gbọ́ra wọn yé látàárọ̀: àkàrà, Ọya, àṣẹ. Mi ò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún níbẹ̀, mo ní èéfín epo ni.

Pelourinho, a rí i. Jẹ́jẹ́, fọ́tò ẹ wà nísàlẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù tó wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ló kọ́ ọ fúnra wọn, torí wọn ò jẹ́ kí wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn òyìnbó. Èyí tí wọ́n fi wúrà bò nínú, São Francisco, a ò wọ̀ ọ́. Àjà ẹ̀ jìn lé èèyàn lórí ní oṣù kejì ọdún 2025, ẹnì kan kú, mi ò sì lè fi ẹ̀mí Màmá wewu. Níbi tí a ti ń sinmi, àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan ń lùlù pẹ̀lú agogo. Ìyàwó àbúrò mi ní ijexá ni wọ́n ń pe ìlù yẹn, òun náà làwọn Filhos de Gandhy máa ń lù, ẹgbẹ́ tí àwọn alágbàrù èbúté dá sílẹ̀ ní 1949. Màmá ní: "Ìjẹ̀ṣà wo? Ti ọ̀dọ̀ ta ni?" Wọ́n dìde pẹ̀lú orúnkún wọn, wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n gbé èkejì. Wọ́n ní ó jọ ọ́, ó sì yàtọ̀, àmọ́ kí wọ́n máa lù ú lọ.

Ọmọ Ìlọrin, mi ò gbàgbé. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi Màmá sílẹ̀ lójúde lífítì, mo dá lọ sí Ladeira da Praça. Ọ̀nà tó dà sísàlẹ̀ ni, ilé lọ́tùn-ún lósì, ọkọ̀ ń kọjá, ọmọkùnrin kan ń ta omi inú ọ̀rá. Mi ò mọ ilé wo ni. Mo dúró. Kìrìsìtẹ́nì ni mí, mi ò mọ ohun tí mo lè kà. Mo kàn ní, "Ẹ kú làálàá o," mo sì padà. Ìṣẹ́jú kan tí ẹ bèèrè, mo lo mẹ́ta.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú 12 la wọ ọkọ̀.

ỌmọÌlọrin_Kàdúná

Ìyá Ìbejì, kí Ọlọ́run san yín lẹ́san. Mo ti ka ibi yẹn fún ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ kú làálàá" tó.

Baba_Gwarinpa

Àádọ́ta ìṣẹ́jú nínú ṣọ́ọ̀bù òkúta. Mi ò sọ nǹkan kan.

ÌyáÌbejì_Kubwa

Ẹ ti sọ ọ́ tán, Bàbá 😂

Arábìnrin_Lugbe

A dúpẹ́ pé ẹ dé láyọ̀. Orúnkún Màmá ńkọ́?

ÌyáÌbejì_Kubwa

Ó ṣì ń dùn wọ́n. Àmọ́ wọn ò jẹ́ kí n gé rìbọ́ọ̀nù yẹn kúrò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ìyàwó àbúrò mi sọ pé ó gbọ́dọ̀ já fúnra ẹ̀. Wọ́n fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi ní Iléṣà, pásítọ̀ bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ẹ̀bùn ọmọ ni.

Aláàkàrà_Nyanya

Mọ́mì, ẹ ò sọ ti epo. Tí èèyàn bá ń fi epo pupa dín in látàárọ̀ dalẹ́, báwo ni kì í ṣe jóná?

ÌyáÌbejì_Kubwa

Ohun tí Màmá kọ́kọ́ yẹ̀ wò nìyẹn! Odindi àlùbọ́sà kan ló wà nínú epo náà, ó ń yí kiri láàárín àwọn àkàrà. Tó bá ti dúdú, obìnrin náà á yọ ọ́, á fi òmíràn sí i.

Aláàkàrà_Nyanya

Mo dán an wò láàárọ̀ yìí, epo pupa àti àlùbọ́sà odindi. Epo ò jóná. Àmọ́ àwọn oníbàárà mi dúró yí agbada ká, wọ́n ń wò ó. Mallam tó máa ń kọ́kọ́ dé ní ta ló pa kosai òun láró. Mo ní kó jẹ ẹ́ ná. Ó jẹ mẹ́rin, ó di mẹ́fà mú lọ sílé.